Ẹnu Tó Wà Nínú Dígí

Ìwé tí èmi fúnra mi kọ ni wọ́n fẹ́ fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá onígbàjámọ̀. Ó gbé e wá bá mi ní ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti ká a sí mẹ́rin, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi bí ẹni tó ń dá ọjà tí kò dára padà.

"Dókítà Etí," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín, "o ti pa mí."

Mo sọ fún un pé èmi kì í ṣe dókítà, ayẹtíwò lásán ni mí. Ó ní ìyẹn ò kan òun, ẹni tó bá ti lè fi ìwé pa èèyàn, dókítà ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo kọ ìwé náà: "Mo yẹ etí bàbá yìí wò. Ó gbọ́ gbogbo ìró tí a fi dán an wò. Etí méjèèjì pé." Mi ò purọ́. Mo ti mú un wọ yàrá tí a fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ mímí ara rẹ̀, mo fi ẹ̀rọ bò ó létí, mo ní kó máa tẹ bọ́tìnnì tó bá ti gbọ́ "pìì". Kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó yẹ kí n tún fi ọ̀rọ̀ ẹnu dán an wò, nínú ariwo, ṣùgbọ́n èèyàn mọ́kànlá ṣì jókòó síta, mo sì rò ó pé ẹni tó gbọ́ pìì tó kéré báyẹn, kí ló kù tí kò ní gbọ́? Àṣìṣe àwa ayẹtíwò nìyẹn. Etí tó ń ṣiṣẹ́ nínú ariwo, a máa ń mú un wọnú ìdákẹ́jẹ́, a ó wá ní ó dára.

Àbúrò bàbá, obìnrin, ló ni ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun. Láti bí oṣù mẹ́ta ni àwọn oníbàárà ti ń ráhùn. Ẹnì kan ní kó gé díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fá a kodoro. Ọkọ ìyàwó sì ni, ìgbéyàwó ku ọ̀la. Ẹlòmíì ní kó má fọwọ́ kan irùngbọ̀n òun. Irùngbọ̀n náà ti di ìtàn.

"Àbúrò mi ka ìwé rẹ," bàbá ní. "Ó ní, Bùọ̀dá, ṣé etí yín dá ṣáṣá báyìí, ẹ kàn ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó ní tó bá di Sátidé, kí n gbé àga mi sílẹ̀ fún ẹlòmíì, kí n lọ sinmi nílé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gẹrun. Kí ni mo fẹ́ máa sinmi fún?"

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ kò yéé ha etí tábìlì.

Mo tilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Pìì: ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ̀ ọ́ létí, èyí tó máa ń sọ ìró wọ inú etí, tó sì máa ń dúró gba ìró tín-ín-rín tí etí tó yá máa ń dá padà. Etí rẹ̀ dá tirẹ̀ padà wẹ́rẹ́. Ó wá ku ẹ̀rọ tó ń wo iṣan. Mo lẹ wáyà mọ́ ọn níwájú orí àti lẹ́yìn etí méjèèjì, mo ní kó sùn tó bá lè sùn. Bí ìró bá ń wọ etí, tí iṣan sì ń gbé e lọ sí ọpọlọ, ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà máa ń yọ òkè márùn-ún tẹ̀léra. Ti bàbá kò yọ òkè kankan. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo tú wáyà náà lára rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara mi: òkè márùn-ún. Mo pe akọ̀wé wa wọlé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ òun náà.

"Ṣé ẹ rí ọpọlọ níbẹ̀?" ó bi mí.

"Iṣan etí nìkan ló ń wò."

"Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà. Ọkọ mi ò gbà."

Òun náà yọ òkè márùn-ún. Mo dá wáyà padà sára bàbá, ìlà tún tẹ́. Ó wá ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n gbé okùn tó ta kókó lé lọ́wọ́. Mi ò lè jókòó mọ́. Mo sáré lọ pe ọ̀gá mi, obìnrin dókítà tó ti ń wo etí kí wọ́n tó bí mi. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà náà pẹ́.

"Bàbá, etí yín kò jẹ̀bi," ó ní. "Iṣan tó ń gbé ìró láti etí lọ sí ọpọlọ ni. Ẹ fi wé ìránṣẹ́ kan. Etí rán an níṣẹ́ pé pérépéré. Ó dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi ìparí ọ̀rọ̀ ṣáájú, ó ju àárín rẹ̀ nù sọ́nà. Ọpọlọ mọ̀ pé ẹnì kan wá. Ohun tó wá sọ ni kò yé e."

"Kí wọ́n máa pariwo sí mi nígbà náà."

"Tí ẹ bá jágbe mọ́ irú ìránṣẹ́ yẹn, ńṣe ló máa túbọ̀ da ọ̀rọ̀ rú."

Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ bàbá, kí wọ́n sì ya àwòrán inú orí rẹ̀, kó lè dájú pé kò sí kókó tó fún iṣan náà mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni èsì máa jáde.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń họ mí lọ́kàn. Bàbá ní ó ti tó ọdún mẹ́fà tí òun ti ń gbọ́ ohùn ìyàwó òun láti yàrá kejì láìmọ ohun tó ń sọ. Òun rò pé bí ìgbéyàwó ṣe rí nìyẹn. Báwo ló ṣe wá ń gbọ́ ti àwọn oníbàárà ní gbogbo ọdún náà? Kí ló yí padà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn?

Mo ka ogún ọ̀rọ̀ fún un lójúkojú: ó gba mọ́kàndínlógún. Mo fi fáìlì bo ẹnu mi, mo ka ogún mìíràn: ó gba méje. Mo tan ariwo èrò mọ́ ọn, ó gba méjì.

"Bàbá, ẹnu mi lẹ ń wò."

"Èmi? Níbo ni mo ti kọ́ ọ?"

Òun alára kò mọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, mo tẹ̀lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, òórùn pàúdà àti òróró kílípà gba gbogbo ilé. Dígí ńlá gba ògiri kan láti ìkángun dé ìkángun, ṣùgbọ́n àga márààrún ló kẹ̀yìn sí i. Wọ́n dojú kọ tẹlifíṣọ̀n kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn lára ògiri kejì. Àbúrò bàbá dìde láti kí mi.

"Tẹlifíṣọ̀n yìí tóbi o, mà," mo ní.

"Àbí ẹ rí i? Wọ́n á máa wo bọ́ọ̀lù, ojú ò ní kán wọn. Èmi ni mo yí àwọn àga yẹn síbẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ."

Mo wo bàbá. Bàbá ń wo bọ́ọ̀lù.

Mo bẹ obìnrin náà kó jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun ò wá gẹrun. Mo ní ọ̀rọ̀ lásán la fẹ́ sọ: kó máa bi í ní ìbéèrè, kó má sì bojú wẹ̀yìn. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó tan kílípà, ó ń ké wùùù.

"Bùọ̀dá, ta ló bí wa?"

"Kò burú, màá rọra ṣe é," bàbá dáhùn.

"Bùọ̀dá, ọjọ́ wo la wà lónìí?"

"Ẹ̀yìn nìkan, àbí?"

Àwọn agẹrun mẹ́rin tó kù ti dáwọ́ dúró. Mo gbá àga náà mú, mo yí i kó dojú kọ dígí. Kílípà ṣì ń ké.

"Bùọ̀dá," obìnrin náà ní, "ta ló fọ́ àwo Màmá, tó wá ní èmi ni?"

Bàbá wo inú dígí. "Èmi ni. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogójì ọdún, mo rò pé o ti gbàgbé."

Obìnrin náà na ọwọ́, ó pa kílípà fúnra rẹ̀. Ó yé gbogbo wa: inú dígí ni bàbá ti ń ka ẹnu àwọn oníbàárà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ọjọ́ tí wọ́n yí àga ni wọ́n gba etí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbogbo èébú tí mo ń bú yín látẹ̀yìn láti oṣù mẹ́ta ńkọ́?"

"Mo ń gbọ́ ohùn rẹ," bàbá ní. "Mo rò pé orin lo ń kọ."

Àwọn agẹrun bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìwé ilé ìwòsàn ló ní etí wọn pé, mo sì ti fún ẹlòmíì lọ́rọ̀. Ẹ bá mi mú ìwé mìíràn wá. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Sátidé ṣì ni Sátidé."

Èsì jáde lọ́jọ́ Ẹtì: kókó kankan kò fún iṣan mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì dára. Ọ̀gá mi ní a ó máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bó bá burú sí i, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń ki ẹ̀rọ bọ inú etí kó máa bá iṣan sọ̀rọ̀ tààrà, ṣùgbọ́n kò tíì kan ìyẹn. Ní báyìí, a fún bàbá ní máìkì kékeré kan tó máa há mọ́ aṣọ oníbàárà láyà. Á máa sọ ohùn ẹni náà tààrà sínú nǹkan tó wà létí bàbá, ariwo kílípà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kù síta.

Mo jókòó kọ ìwé tuntun. Ìlà àkọ́kọ́ ló pẹ́ jù lọ́wọ́ mi: "Àṣìṣe wà nínú ìwé mi ìṣáájú, èmi ni mo sì ṣe é."

Ọ̀gá mi kà á. "Ṣé ó dá ọ lójú pé o fẹ́ kọ èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Sátidé, agẹrun tuntun ti jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Obìnrin náà ka ìwé lórí ìdúró, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wá yíjú sí ọkùnrin náà.

"Ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ò lọ síbì kankan. Màá ra àga kẹfà lóṣù tó ń bọ̀, ẹ máa retí mi." Ó yíjú sí mi. "Ti Bùọ̀dá nìkan ni màá yí o. Mẹ́rin tó kù ń wo bọ́ọ̀lù. Máìkì yìí, ṣé ó ṣeé pa, tí mo bá fẹ́ bú wọn díẹ̀?"

"Ó ṣeé pa, mà."

Bàbá ti yí àga rẹ̀ síwájú dígí. Ó ní kí n jókòó. Ó so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn, ó há máìkì sí i, ó di kílípà mú láìtàn án.

"Báwo ni kí n ṣe é?"

Mo ṣàlàyé: kó kúrú lẹ́yìn, kó má dínkù lókè, kó fi ibi tí irun ti ń sá sẹ́yìn níwájú sílẹ̀ fún mi. Ó ń wò mí nínú dígí, ó ń mi orí sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí iṣan ṣe ń gbé ìró.

"Ó tó," bàbá ní. "Gbogbo rẹ̀ ti wọlé. Pa ẹnu dé báyìí, kí n rí orí gẹ̀."