Ẹni Tó Kọ́kọ́ Fà Á Símú

Orí ajá náà wà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí nígbà tí dókítà ti abẹ́rẹ́ ikú bọ iṣan ajá náà. Ìjòyè ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í jẹun àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ kí i. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kì í létí, oríkì tí ọkọ rẹ̀ fún un nígbà tí ọkọ náà ṣì jẹ́ olùtọ́jú ajá níbẹ̀: "Elétí gbọ̀ọ̀rọ̀, a-jókòó-bí-ọba..." Kò tíì kì í dé ìdajì tí èémí ajá náà fi tán.

Ìjòyè ló gbẹ̀yìn nínú àwọn ajá tí wọ́n fún ní eruku olóró fà símú, eruku tó ń tú ìtànṣán tí ojú kò rí. Wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe máa pẹ́ tó kí ó tó di jẹjẹrẹ. Dókítà la àyà rẹ̀. Kókó funfun kan wà lára ẹ̀dọ̀fóró, ó le bí òkúta.

"Bí a ṣe rò ó náà ni," ni dókítà wí, ohùn rẹ̀ fúyẹ́.

Obìnrin náà nu ọwọ́. "Dókítà, ọ̀rọ̀ baálé mi náà ni o. Ilé ìwòsàn ní ikọ́ àgbà ni, àwọn ò ní ya fọ́tò àyà rẹ̀ àfi tí ẹ bá jẹ́rìí pé ó fa nǹkan símú níbí."

"Ìyá, mo ti sọ fún yín. Inú ìbòmú ajá nìkan ni eruku yẹn ń wọ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kankan."

"Ẹ ń ya fọ́tò àyà ajá lọ́dọọdún," ni ó wí.

Dókítà kọjú sí omi ẹ̀rọ. Ó ń fọ ọ̀bẹ.

Nílé, ọkọ rẹ̀ wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, aṣọ ìnujú lẹ́nu.

"Ìjòyè ńkọ́?"

"Ó ti lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà."

"Áà, ó ti dàgbà nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́. "Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìbòmú yẹn wá, díẹ̀ ló kù kó bu dókítà jẹ. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo fi ìbòmú náà bo imú ara mi. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní, Ìjòyè, ṣé o rí i, kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Ló bá gbé imú wá. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ajá ni mo ń ṣe é fún."

"Ṣé eruku ti wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn?"

"Wọ́n ní ó kéré."

"Ta ló rí yín?"

"Ta ni kò rí mi? Dókítà yín yìí gan-an pàtẹ́wọ́ fún mi." Ìwúrí ṣì wà lójú rẹ̀.

Ikọ́ tún dé. Obìnrin náà sáré gbá orí ọkọ rẹ̀ mú, ọwọ́ kan lábẹ́ àgbọ̀n, èkejì lẹ́yìn etí.

"Kì mí díẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ fi ṣeré, "bí o ṣe ń kì Ìjòyè."

Ó mọ oríkì ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀; òun ló fi ń jí i láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ibi tí ọwọ́ òun wà, bó ṣe wà lára Ìjòyè gan-an, ó sì pa ẹnu dé, kò bẹ̀rẹ̀.