Ibi Tí Òkúta Ti Tẹ́jú

Mo ti sọ ọbẹ̀ ọ̀dùnkún kalẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ilé ti dákẹ́ jù. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ṣùgbọ́n Mattie ọkọ mi kì í gbọ́ rédíò kó má bá a jiyàn. Mo yọjú wo àga rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Fìlà rẹ̀ kò sí lára ìkọ́, ọ̀pá rẹ̀ náà kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mattie kò ríran dáadáa mọ́. Àárín ojú rẹ̀ ti ṣú, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù tó fi ń rí nǹkan, bí ẹni tó ń yọjú wo ìta láti etí aṣọ fèrèsé. Ní oṣù tó kọjá ó dá jáde, kẹ̀kẹ́ gbá a lulẹ̀. Jacinta, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, wá láti ilé rẹ̀ ní Swords, ó dúró sáàárín ilé ìdáná wa, ó ní, "Màmá, tí Dádì bá tún dá jáde, mò ń kó ẹ̀yin méjèèjì lọ sọ́dọ̀ mi. Mi ò sì ní tún bi yín kí n tó kó yín." Ilé Jacinta dára, ó ní ọgbà. Ṣùgbọ́n Ringsend, àdúgbò wa yìí, ni wọ́n bí Mattie sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Tí a bá gbé e kúrò láàárín àwọn tó mọ ohùn rẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa kú. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Mo wọ kóòtù mi, mo jáde.

Dessie Furlong wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́, ó ń fa sìgá. Òun àti Mattie jọ ru èédú nígbà tí èbúté ṣì jẹ́ èbúté.

"Dessie, o rí Mattie?"

"Mo rí i. Ó ń gbésẹ̀ bíi bíṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ń lọ kọ́ àwọn àlejò lẹ́kọ̀ọ́."

"Àlejò wo?"

"Àwọn tí ọmọbìnrin kan máa ń kó kiri èbúté ní ọ̀sán Sátidé, tó ń sọ ìtàn wa fún wọn. Rédíò ló sọ ọ́. Mattie ní irọ́ ló kún inú ìtàn náà."

"O sì jẹ́ kó lọ?"

"Connie, ìwọ tó o ti fẹ́ ẹ láti ìgbà yìí wá, ọjọ́ wo lo dá a dúró rí?"

"Tó bá kó sínú odò, ìwọ ni màá tì tẹ̀lé e."

"Omi á tutù lónìí o," ló wí. Àmọ́ bó ṣe sọ ọ́ tán, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì fi bàtà tẹ sìgá náà pa. "Ṣé kí n bá ọ lọ?"

"Pẹ̀lú orúnkún yẹn? Dúró síbí. Tó bá gba ibí padà, dì í mú."

Mo gba orí afárá kékeré, mo dé ẹ̀gbẹ́ odò. Ó ti pẹ́ tí mo ti débẹ̀ kẹ́yìn. Ilé gíláàsì ló wà níbi tí ilé ìkẹ́rù wà tẹ́lẹ̀, mo sì ń rí ara mi nínú gíláàsì kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń kọjá, obìnrin arúgbó kan tí kò de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá di ojú mọ́rí lè fi imú mọ ibi tó dé: èédú níbí, pákó lọ́hùn-ún, awọ màlúù lẹ́yìn ìyẹn. Òórùn kọfí ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Mo ń ronú pé kí ni ọkùnrin tí ojú rẹ̀ ń ṣú máa dì mú nínú òórùn kan ṣoṣo.

Mo bá àwọn àlejò náà lábẹ́ ẹ̀rọ agbẹ́rù àtijọ́ kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa. Ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn fún wọn wọ aṣọ òjò, orúkọ rẹ̀, Neasa, wà láyà rẹ̀.

"Ọmọ mi, má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ. Ṣé o rí bàbá kan tó dé fìlà?"

"Èyí tó ń já mi nírọ́ níwájú èèyàn?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ní ọkọ̀ èédú ló ń gúnlẹ̀ síbí, ó ní ọkọ̀ ọtí ni. Mo ní àràárọ̀ ni ọ̀gá máa ń dúró síbí pe orúkọ àwọn tó máa ríṣẹ́. Ó ní tí ọ̀gá bá pe Kinsella, Kinsella mẹ́fà ló máa jẹ́ ẹ, torí náà ìnagijẹ ni wọ́n ń pè. Gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ fún un, Mà. Wọn ò pàtẹ́wọ́ fún èmi."

"Ọkọ mi ni."

"Ẹ kú ìfaradà."

"Níbo ló gbà?"

"Ó ní òun ń lọ wo ibi tí ọkọ̀ èédú gan-an ń gúnlẹ̀ sí. Ó gba apá etí omi, mi ò wo ibi tó yà sí."

"Òun nìkan? Kò ríran o."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Kò sọ fún mi. Ó ń rìn bí ẹni tó ríran."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí Mattie ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, orí àti èjìká ni wọ́n ń gbé àpò èédú lé, àpò á sì bo ojú wọn. Kò sẹ́ni tó ń rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òkúta gbágungbàgun ni gbogbo ilẹ̀ èbúté, àfi ìlà kan létí omi, níbi tí wọ́n to òkúta pẹlẹbẹ ńláńlá sí. Ohun tí bàbá máa ń kọ́kọ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ nìyí: tí ilẹ̀ bá ń gún ọ lẹ́sẹ̀, máa lọ, tó bá ti tẹ́jú, dúró gbọnin, omi ló kàn. Nínú kùrukùru àti òkùnkùn, òfin yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n kú.

Mo sọ èyí fún Neasa kí ọkàn èmi fúnra mi lè balẹ̀. Ó ní, "Kò burú nígbà náà. Àwọn òkúta gbágungbàgun àtijọ́ ṣì wà, Mà. Wọ́n hú gbogbo wọn, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n wá tò wọ́n sétí omi kí àwọn èèyàn lè rí wọn. Àárín ni wọ́n fi òkúta tuntun tẹ́."

"Dé ibo létí omi?"

"Dé etí omi gan-an."

Àwa méjèèjì wo ara wa. Mi ò ní láti ṣàlàyé. Ó ní kí àwọn àlejò dúró de òun, ó sáré gba apá òkè odò, èmi gba apá ìsàlẹ̀.

Wọ́n tò ó dáadáa lóòótọ́. Òkúta gbágungbàgun tí mo mọ̀ láti kékeré, ó ń dán, ó lọ títí dé ibi tí ilẹ̀ parí sí, kò sí òkúta pẹlẹbẹ kankan níbẹ̀ tó máa sọ fún un pé kó dúró. Odò Liffey ti kún, omi rẹ̀ dúdú. Igò ike kan àti ẹyẹ òkun kan jọ ń léfòó níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo omi náà bí mo ṣe ń lọ. Mi ò fẹ́ gbà fún ara mi pé fìlà ni mò ń wá, àmọ́ fìlà ni mò ń wá. Fóònù mi dún nínú àpò kóòtù. Jacinta ni. Mi ò gbé e. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Ìgbà tí mo gbé ojú kúrò lára omi kí n lè mí ni mo rí i.

Kò sí nítòsí omi rárá. Ó dúró láàárín gbàgede ńlá tó wà láàárín àwọn ilé gíláàsì, lórí òkúta tuntun tó tẹ́jú bíi tábìlì. Kò mira. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá rẹ̀ mú níwájú. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ife kọfí. Wọ́n rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń kun ara wọn, tí wọ́n á dúró bí ère kí wọ́n lè rí owó, ni. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ju owó wẹ́wẹ́ sẹ́nu bàtà rẹ̀.

"Mattie."

"Connie? Má sún mọ́ mi." Ohùn rẹ̀ kéré, ó gbẹ. "Dúró síbẹ̀ yẹn. Etí omi ni mo wà."

Mo dúró.

"Mo sún sẹ́yìn, ó tẹ́jú," ló wí. "Mo sún sọ́wọ́ òsì, ó tẹ́jú. Wọ́n ti ṣe é tóóró wọnú odò, Connie, omi wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Mò ń gbọ́ ìró rẹ̀."

Omi tó ń gbọ́ wà lóòótọ́. Ó ń tú jáde láti ilẹ̀ gbàgede náà fún ẹwà, àwọn ọmọdé ń sáré la àárín rẹ̀ kọjá.

Mo rìn lọ bá a, mo di apá rẹ̀ mú. "Àárín gbàgede lo wà. Odò jìnnà. Àwọn ọmọdé ló ń ṣeré nínú omi yẹn."

Ó tún di ọ̀pá rẹ̀ mú dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé wọ́n ń wò mí?"

"Kò sẹ́ni tó ń wò ọ́," ni mo wí, mo fi ẹsẹ̀ ti owó wẹ́wẹ́ náà kúrò kí ọ̀pá rẹ̀ má baà kàn án.

Mo juwọ́ sí Neasa lókèèrè, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò rẹ̀. Fóònù tún dún. Mo gbé e lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ òótọ́ fún Jacinta. Ó ní òun ń bọ̀, kí a má kúrò níbẹ̀.

"Mú mi lọ sétí omi," ni Mattie wí.

"Mi ò lọ."

"Connie. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀ mú, mo mú un lọ. Nígbà tí bàtà rẹ̀ kan òkúta gbágungbàgun, ara rẹ̀ tú, èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá ẹsẹ̀. Ìgbà tí mo pariwo tí mo sì fà á sẹ́yìn ló tó dúró. Ó na ọ̀pá rẹ̀ síwájú, ọ̀pá kò bá nǹkan kan. Ó ń fi í wá ilẹ̀ lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sí ilẹ̀.

Jacinta dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ti to gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́nu. Bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò ní dá jáde mọ́," ló wí. "Mo búra fún ọ. Má ṣáà kó wa kúrò nílé."

Jacinta wò mí. Mi ò rò pé ó ti gbọ́ kí bàbá rẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni rí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. "Kò sẹ́ni tó ń kó yín lọ síbì kankan, Dádì," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Ohun tí mo ń gbàdúrà fún nìyẹn, ọwọ́ mi sì ti tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Mattie di apá mi mú jálẹ̀ ọ̀nà. Dessie kí i, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé àwọn àlejò rẹ yege nínú ìdánwò?" Ó kàn di apá mi mú sí i. Nígbà tí a dé àdúgbò wa, níwájú ilé wa gan-an, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì yí òkúta kan padà láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, ó dúró, ó sì na ọ̀pá rẹ̀ síwájú, ó ń fi kan ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀.