Sikúta Kì í Pariwo

"Ta ló gbá a? Mo ní èwo nínú yín ló gbá bọ́ọ̀lù yìí?"

Merrill Stroud gbọ́ ohùn náà kó tó mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ó dúró láàárín pápá gọ́ọ̀fù, ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, sikúta rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró kan, pò, bí ìgbà tí èèyàn fi kùmọ̀ lu àpò ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan kígbe oró. Ìgbà yẹn ló yé e pé bọ́ọ̀lù òun ti ba èèyàn.

Kirby Voss ló bà, ní èjìká. Kirby, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló ti ń gbá níwájú Merrill láti àárọ̀. Ní ihò tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí ṣáájú èyí, Merrill ti pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n sún kúrò lọ́nà, pé ìgbín yá ju wọ́n lọ. Kirby sì dá a lóhùn pé, "Bàbá, kí lẹ̀ ń kánjú lọ ṣe? Àbí wọ́n ti gbẹ́ sàréè yín tán?" Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Delmar, ẹ̀gbọ́n ìyàwó Merrill, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń gbá, ló ní kó fi wọ́n sílẹ̀.

"Èmi ni mo gbá a," ni Merrill wí.

"O ò rí mi ni? Nínú oòrùn Arisónà yìí, o ò rí odidi èèyàn?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Merrill kò rí i. Ó ti tó ọdún méjì tí àárín ojú rẹ̀ ti di èéfín. Etí ojú nìkan ló kù. Bó bá wo igi, ó ń rí ilẹ̀ tó yí igi ká. Bó bá wo èèyàn, ó ń rí etí àti èjìká, ihò dúdú á sì wà níbi tó yẹ kí ojú onítọ̀hún wà. Dókítà kan ní ìlú Tucson ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ mọ́. Merrill dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó jáde, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó wà á padà sí Safford, ìlú tó ń gbé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ló fẹ́ sọ? Lorna ìyàwó rẹ̀ wà ní ilé ìtọ́jú àwọn aláìlera ní ìlú Thatcher. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀, ó sì mú ohùn rẹ̀ lọ. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá gbé oúnjẹ dé, á pa ẹnu dé. Ọwọ́ Merrill nìkan ló ti ń gbà á. Ọkọ̀ èrò kò sì sí lójú ọ̀nà yẹn. Lójoojúmọ́ ni Merrill ń wakọ̀ lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń fi etí ojú ṣọ́ ìlà funfun títì, tó ń gbàdúrà.

Àṣírí rẹ̀ kò sì tíì tú rí ní pápá gọ́ọ̀fù, nítorí ọkọ̀ kékeré alájókòó méjì ni wọ́n ń gùn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Epo ló ń mu, ó sì ń kùn bí ẹ̀rọ ọlọ. Delmar ló máa ń wà á. Bí Merrill bá gbá bọ́ọ̀lù, Delmar á ní, "Ó wà lábẹ́ igi yẹn," á sì wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀ tààrà. Bí àwọn tó wà níwájú kò bá tíì lọ, á ní, "Ní sùúrù." Bí wọ́n bá ti lọ, á ní, "Ó yá." Merrill rò pé ẹnu Delmar ni kì í gbé jẹ́ẹ́.

Àfi bí àwọn alákòóso ṣe ta ọkọ̀ wọ̀nyẹn, tí wọ́n kó sikúta oníbátìrì dé, pé kí eré lè yá. Ẹnì kan ṣoṣo ni sikúta ń gbé. Oníkálukú ń gun tirẹ̀ lọ síbi bọ́ọ̀lù tirẹ̀, kò sì ní ariwo kankan. Lówùúrọ̀ yìí, bọ́ọ̀lù Delmar yà wọ inú igbó ẹlẹ́gùn-ún lápá ọ̀tún, Delmar sì gun sikúta rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ku Merrill nìkan. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ọmọ yẹn ti lọ. Ó gbá a. Kò tilẹ̀ kígbe "Iwájú o!" tí àwọn agbágọ́ọ̀fù máa ń ké bí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ ba èèyàn, nítorí kò mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀.

"Mo ń bá ọ sọ̀rọ̀! Ṣé o fọ́jú ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Merrill. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ dé etí Delmar, ó dé etí ọlọ́pàá, ó di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbígbà. Ta ni yóò fún Lorna lóúnjẹ?

"Mo rí ọ dáadáa," ni Merrill wí. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbá a ni."

Kirby kò sọ̀kalẹ̀ lórí sikúta tó gùn dé. Merrill rí òjìji kan tó ń tóbi sí i létí ojú rẹ̀. Kó tó yà, irin sikúta ti gbá a ní ìhà. Ó gbọ́ tí nǹkan ṣẹ́ nínú rẹ̀ bí igi gbígbẹ. Ó ṣubú, táyà gun itan rẹ̀ kọjá. Kó tó mí, Kirby ti jókòó lé e láyà. Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ bà á lẹ́nu, èkejì bà á ní imú. Eyín kan yọ, òun àti ẹ̀jẹ̀ jọ wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Tún un wí! Tún un wí pé o mọ̀ọ́mọ̀!"

Merrill tu ẹ̀jẹ̀ dànù. "Mo mọ̀ọ́mọ̀."

"Kirby, ó tó!" Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lókèèrè. "Arúgbó ni o! Wàá pa á!"

"Kó kú! Ṣebí òun náà fẹ́ pa mí!"

Ọwọ́ méjì dì mọ́ Merrill lọ́rùn. Ó fi èékánná ha ọwọ́ náà, kò tú. Etí ojú tó ṣẹ́kù fún un náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé agogo oúnjẹ ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ní Thatcher.

Kò gbọ́ bí Delmar ṣe dé. Ìró irin lórí egungun ló gbọ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, àti igbe Kirby tó dà bí ti ẹran tí wọ́n ń pa. Ọwọ́ tú lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó jókòó lé e yí lulẹ̀.

"Apá mi! Ó ti ṣẹ́ mi lápá!"

"Orí ló kàn!" Ohùn Delmar ni. "Orí ẹ ló kàn, ọmọ àlè!"

"Delmar! Ju ọ̀pá yẹn sílẹ̀!" Yolanda Baca nìyẹn, obìnrin tó ń ṣọ́ pápá. Ó ń sáré bọ̀, ó ń mí hẹlẹ. "Mo ti pe ọlọ́pàá. Ó ti ṣubú báyìí, Delmar. Kí lo tún ń fẹ́?"

Ó pẹ́ kí ọ̀pá tó balẹ̀ sórí koríko.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé, wọ́n gbé Kirby lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fi báńdéèjì di ìhà Merrill, wọ́n ní kí òun náà máa bọ̀. Ó ní òun ṣì ń bọ̀. Ọlọ́pàá náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Àwọn ọ̀rẹ́ Kirby ní ẹ fẹnu ara yín sọ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn."

Merrill fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ dá ìjà sílẹ̀. Àna yín sì wá fi irin ṣẹ́ èèyàn lápá. Mo ti dè é lọ́wọ́, ó wà nínú ọkọ̀. Àhámọ́ ni mò ń gbé e lọ."

"Kí lòun sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ṣe ni mò ń bi í pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi máa gbá bọ́ọ̀lù lu èèyàn. Ó ní òun ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ nípa yín, kí n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀."

Merrill jókòó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ronú nípa "Ní sùúrù" àti "Ó yá." Kò sí ìgbà kan tí Delmar bi í pé èé ṣe tí kì í rí bọ́ọ̀lù ara rẹ̀. Ọkùnrin yẹn mọ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn kó wọ àhámọ́ ju kó fẹnu sọ ọ́ lọ.

"Irọ́ ni mo pa," ni Merrill wí. "N kò mọ̀ọ́mọ̀. N kò rí ọmọ yẹn rárá. Ojú mi ti lọ."

Ọlọ́pàá mí kanlẹ̀. "Bàbá, gbogbo èèyàn ló máa ń ní àwáwí tí wọ́n bá ti rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹ wojú mi. Ẹ ka orúkọ tí wọ́n kọ sí mi láyà."

Merrill yí ojú sí i. Ó rí fìlà, ó rí èjìká méjì.

"Ṣé orúkọ wà níbẹ̀ ni?"

Ohùn ọlọ́pàá náà lọ sílẹ̀. "Ta ló wa ọkọ̀ yín wá síbí láàárọ̀?"

"Èmi ni."

Merrill kò jẹ́ kó bèèrè. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí iwájú, sí ibi tó rò pé ọwọ́ ọlọ́pàá wà.

Wọ́n tú Delmar sílẹ̀. Ọlọ́pàá ní ẹni tó bá gba afọ́jú lọ́wọ́ apani kì í ṣe ẹni àhámọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ yóò pè wọ́n, àwọn méjèèjì. Delmar ló jókòó sídìí ọkọ̀ Merrill. Kọ́kọ́rọ́ tí ọlọ́pàá gbà ló fi tan án.

"Ilé ìwòsàn ni mò ń gbé ẹ lọ," ni Delmar wí.

"Thatcher ná."

"Pẹ̀lú ẹnu tó wú bẹ́ẹ̀ yẹn? Wàá dẹ́rù ba obìnrin náà."

"Thatcher, Delmar. Kò tíì jẹun."

Wọ́n gbéra. Merrill di ìhà rẹ̀ mú ní gbogbo ibi tí títì bá ti rí gbágungbàgun.

"Ṣé wàá bá mi wọlé?"

"Àbúrò mi ni. Mo máa wọlé."

"Ṣíbí ni mo fi ń wá ẹnu rẹ̀," ni Merrill wí. "Àwọn nọ́ọ̀sì ní ó ti ń rẹ́rìn-ín nígbà míì, tí mo bá ń fún un lóúnjẹ. Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i. N kò rí i rí, Delmar. Lónìí, jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, sọ fún mi."

Delmar fi ọwọ́ nu ojú, ó sì yà sí ọ̀nà Thatcher.