Aṣọ Pupa Lẹ́nu Ìbọn

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ègé aṣọ pupa mọ́ ẹnu ìbọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lápá bàálù ogun tí ọ̀gá wa, Merv Haddrick, ń wà, kí ẹrọ̀fọ̀ pápákọ̀ òfuurufú wa ní Milne Bay má baà wọ inú wọn nígbà tó bá ń sáré gbéra. Ọta àkọ́kọ́ ló máa ń la aṣọ náà. Nítorí náà, bí bàálù bá ti balẹ̀, àwa tí à ń tọ́jú ìbọn ti máa ń mọ̀ bóyá ẹni tó wà á yìnbọn tàbí kò yìn, kó tó la ẹnu rẹ̀ rárá.

Oṣù kẹjọ ọdún 1942 ni. Haddrick ti já bàálù Japan mẹ́jọ lulẹ̀. Wọ́n ti kun àmì mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ìwé ìròyìn Adelaide nílé lọ́hùn-ún sì ti gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Ohun tí èmi mọ̀ ọ́n sí yàtọ̀. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú àgọ́ tó ń jò, òun ló gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó gbẹ wá fún mi, tó sì fi tèmi tó tutù bora. Ọ̀gá kankan kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Lọ́jọ́ Ajé, nínú ọ̀sẹ̀ kejì tí òjò ò dá, ó balẹ̀, ó sì sọ fún ẹni tó ń gba ìròyìn pé òun lé bàálù kan, òun yìnbọn sí i, kò bà á. Mo lọ síbi ìbọn. Aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà bí mo ṣe lẹ̀ wọ́n. Mo wẹ̀yìn wò, mo fi ìka dá wọn lu lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè jọ pé ọta ló là wọ́n, nírọ̀lẹ́ mo sì lẹ tuntun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà ni.

Ní Ọjọ́rú, díẹ̀ ló kù kí Noel Burgess má padà. Olùkọ́ ni Noel ní Ballarat kó tó wọṣẹ́ ológun, ó ní ìyàwó àti ọmọbìnrin méjì. Òun ló máa ń fò tẹ̀lé Haddrick: òun ń ṣọ́ ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà á sì gbà á bí wọ́n bá ká a mọ́. Ihò ọta mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìn àga rẹ̀ nínú bàálù. Ó jókòó sórí àgbá epo, ó ń mu tíì.

"Les, ẹ̀yin olùtọ́jú ìbọn, ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Merv sún mọ́ ẹni tó ń yìnbọn lù mí débi pé ó lè tutọ́ sí i lára. Ìbọn ò dún. Kí lo fi ń pa ìbọn yẹn lára ná, ọ̀rá ẹran inú agolo?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó tó di aago mẹ́rin kí n wá sọ fún òun bí ìbọn mẹ́fà ṣe há lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo lè gbà pé ìbọn há. Orúkọ mi ló máa bàjẹ́, Noel á sì tún fò tẹ̀lé Haddrick lọ́la. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé Haddrick pé ojo ni, wọ́n á já àmì ìyẹ́ awakọ̀ òfuurufú kúrò láyà rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò fọwọ́ kan aṣọ náà. Mo lọ pè é wá sábẹ́ apá bàálù.

Ó wò wọ́n. Ó fi ìka kan ọ̀kan.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Òní ló pé mẹ́ta, ọ̀gá."

"Ìwọ lò ń ya wọ́n?"

"Èmi ni."

Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé epo ti bo gíláàsì iwájú bàálù ẹni kẹjọ tí òun já lulẹ̀. Ọkùnrin náà na ọwọ́ síta, ó ń fi ìbọ̀wọ́ nu gíláàsì náà, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń nu gíláàsì mọ́tò kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bó ṣe ń nù ún ni òun yìnbọn fún un. Láti ọjọ́ náà, òun á ní kí ìka òun tẹ ìbọn, kò ní tẹ̀ ẹ́.

"Ya wọ́n, Les. Fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó máa lọ."

"Noel á tún tẹ̀ lé yín lọ́la, ọ̀gá."

"Àṣẹ ni mo pa fún ẹ."

Mi ò kọ àṣẹ ọ̀gá rí. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. "Mi ò ní ya wọ́n."

Omi ń kán láti apá bàálù sáàárín wa. Ó yíjú padà, ó sì gba inú ẹrọ̀fọ̀ kọjá lọ sí àgọ́ ọ̀gá àgbà. Sájẹ́ǹtì mi sọ fún mi pé ohun tó kọ́kọ́ sọ níbẹ̀ ni pé ìbọn òun ò lábùkù, kí ẹnikẹ́ni má bá Les Trewin wí. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gbé e pẹ̀lú àwọn aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní Townsville.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà Noel wá bá mi níbi tí mo ti ń nu ìbọn. Kò ṣe yẹ̀yẹ́.

"Merv bá mi sọ̀rọ̀ kó tó lọ," ló wí. "Ó ní o mọ̀ láti ọjọ́ Ajé."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ lo bá mi de bẹ́líìtì àga mi láàárọ̀ Ọjọ́rú, Les. O ní kí n máa rọra ṣe."

Mo tún gbé àkísà, mo ń nu ìbọn lọ. Ó lọ.

A wà ní Milne Bay títí di oṣù kẹsàn-án. Nígbàkígbà tí mo bá gun apá bàálù Noel láti bá a de bẹ́líìtì, á ní kí n sọ̀kalẹ̀, òun á dè é fúnra òun.