Iṣẹ́ Tí Kò Dé Etí Bàbá Jẹ́jẹ́

Aago tí gbogbo àwọn tó ń tún aago ṣe bá ti dá padà, ọ̀dọ̀ Bàbá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n máa ń gbé e wá gbẹ̀yìn. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi ṣe iṣẹ́ náà nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí ẹni méjì ò lè yípo nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí bó bá ti fi ẹ̀mú mú sípíríìnì tó tín-ín-rín bí irun, á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ: "Jẹ́jẹ́ o, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́jẹ́." Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, a máa sọ pé òun ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọkọ òun rí.

Ikọ́ fée ló wá ń bá a fínra. Nígbà tó di pé kò lè rìn dé ìdí ọkọ̀ láìdúró mí, dókítà kọ oògùn oníhóró fún un, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, Ìyá Ìbejì, ló máa ń lọ gbà á wá fún un nílé oògùn. Èémí rẹ̀ já gaara lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí àyà rẹ̀ sì ń lù kìkìkì bíi ti ẹni tí ajá lé.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó fi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ìṣó inú aago kan tí kò tó hóró iyọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀, nígbà tí oníbàárà kan wọlé. Ọkùnrin náà wò ó, ó rọra mú aago tiẹ̀ lórí tábìlì, ó sì jáde. Ì bá kúkú bú u.

"Ọmọ mi," ó bi Ìyá Ìbejì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, "ṣé kì í ṣe oògùn yìí ló ń ṣe mí báyìí? Wọn ò sọ nǹkan kan fún ẹ níbẹ̀?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan, Bàbá mi. Ara ló ń dàgbà. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi."

Bí ọmọ ẹni bá ti sọ̀rọ̀, ẹnu ta la tún fẹ́ gbọ́? Bàbá kó ẹ̀mú àti gíláàsì ojú fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ní ìkángun àdúgbò, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé. Onídìrí kan gba ibẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Nílé ọmọ rẹ̀, òun àti àwọn ìbejì ọlọ́dún méjì ló kù sílé láti òwúrọ̀. Obìnrin tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ tẹ́lẹ̀ ò wá mọ́. Bàbá rí i, kò fi ṣe nǹkan kan.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ìyá Ìbejì rìnrìn àjò ibi iṣẹ́, oògùn sì ku ti ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọkọ rẹ̀ jókòó ti àwọn ọmọ, Bàbá sì mú páálí oògùn, ó lọ fúnra rẹ̀.

Obìnrin apoògùn gba páálí náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá ló ń wò. "Bàbá, ọwọ́ yín ń gbọ̀n báyìí? Ẹ ò padà lọ rí dókítà?"

"Ogbó ni, ọmọ mi."

"Ta ló sọ ọ́? Mo sọ fún ọmọ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé oògùn yìí lè mú ọwọ́ gbọ̀n, kí àyà sì máa sáré. Mo ní bẹ́ ẹ bá ti rí i, kẹ́ ẹ wá, dókítà á dín in kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀. Mo tún bi í lóṣù kejì. Ó ní kò sóhun tó ń ṣe yín."

Bàbá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Ṣé kí n jù ú nù?"

"Áà, rárá o! Ẹ má dá a dúró fúnra yín, èémí lè há. Ẹ jókòó, kí n pe dókítà."

Dókítà rí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ó pààrọ̀ hóró náà sí èyí tí wọ́n ń fà sẹ́nu. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, Bàbá ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìtàsé. Inú rẹ̀ ò dùn. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń wo òkú tó jí lẹ́yìn ìsìnkú.

Ìyá Ìbejì ti ìrìn àjò dé, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá wọlé tọ̀ ọ́. "Kí ni wọ́n sọ fún ẹ nílé oògùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

Abọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá mi. Mo máa ń rí i lójú àlá pé ẹ dákú sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo ní bẹ́ ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ojú mi á máa tó yín."

"Obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ ńkọ́? Ẹ̀rù ló ba òun náà tí ò fi wá mọ́?"

Ìyá Ìbejì dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ká ní irọ́ pátápátá ni ẹ̀rù tó ní ó ba òun ni, Bàbá ì bá tu ú dànù. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òótọ́ wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì dùn ún wọ egungun. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ó kó ẹrù ẹ̀ padà sílé ara rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ agékọ́kọ́rọ́ dá ẹ̀mú padà fún un, ó sì fún un ní ìdajì tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Nínú àwọn oníbàárà, díẹ̀ ló padà wá. Nísinsìnyí, òun fúnra ẹ̀ ló ń lọ gba oògùn, kì í sì í kúrò níwájú apoògùn títí yóò fi mọ ohun tí oògùn náà lè dá sílẹ̀ lára àti ìgbà tó yẹ kóun sáré padà wá.

Ìyá Ìbejì kó àwọn ọmọ wá kí i lọ́jọ́ Sátidé kan. Bàbá gbé wọn lé itan méjèèjì, ó ń bá wọn ṣeré. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ẹ káàsán, Ìyá Ìbejì. Ẹ jókòó."

Obìnrin náà wẹ̀yìn, ó rò pé àgbàlagbà kan ló tẹ̀lé òun wọlé. Kò sẹ́nì kankan. Omi lé ròrò sójú ẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi."

"Kí lẹ ṣe tí mo fi máa bú yín?" Bàbá dáhùn, ó sì fi ẹsẹ̀ sún àga sọ́dọ̀ rẹ̀.