Ọjọ́ Tí Agéwèé Wọṣẹ́

Bí ẹ bá dé ọgbà iléeṣẹ́ wa tí ẹ béèrè akọ̀wé ìṣirò owó, wọn ò ní mọ ẹni tí ẹ ń wá. Ẹ béèrè Rìsíìtì-dà. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì yóò na ìka sí yàrá mi lókè àtẹ̀gùn, yóò sì bi yín bóyá ẹ mú tiyín lọ́wọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti fi ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè kan náà yẹn, láti orí ẹni tó lọ ra gílóòbù dé orí ọmọ bíbí Alága. N kì í rẹ́rìn-ín bí mo bá ń bi wọ́n. Mo fẹ́ràn orúkọ náà nígbà yẹn.

Ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ nǹkan sí la ń ṣe. Alága tó ni iléeṣẹ́ kò lè ka èdè mìíràn ju Yorùbá lọ, nítorí náà Yorùbá ni mo fi ń kọ gbogbo ìwé ìṣirò wa. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wá jókòó tì mí, tí yóò gbé awò sí góńgó imú, tí yóò máa fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa tí mo ń kọ ohun ìní sí: ilẹ̀, ilé, ọkọ̀, ẹ̀rọ. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tirẹ̀. Èmi ni mo fi rúlà fa ìlà inú rẹ̀, èmi náà ni mo fún òpó kọ̀ọ̀kan lórúkọ: Iye Rírà, Àfikún, Àpapọ̀, Ọjọ́ Tó Wọṣẹ́.

Òfin rẹ̀ kò le. Gbogbo owó tó gbé ẹ̀rọ dé ibi tó dúró sí, tó sì sọ ọ́ di ohun tó ṣe é lò, ara iye ẹ̀rọ náà ni. Owó ẹnu ibodè, owó ọkọ̀ tó gbé e, owó sìmẹ́ǹtì tí a dà sílẹ̀ fún un, owó àwọn tó tò ó, owó tí a fi dán an wò. Ọjọ́ tó bá ti wọṣẹ́, àfikún tán. Owó tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn, ìnáwó lásán ni, bíi ti ọṣẹ àti ìgbálẹ̀, kò gbọdọ̀ kan ojú ewé ẹ̀rọ mọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló pààlà sáàárín méjèèjì, èmi sì ni mo ń kọ ọjọ́ náà.

Nígbà tí Alága yá owó ní báǹkì, tó ra ẹ̀rọ tuntun tó ń gé bébà, tí gbogbo ọgbà sọ ní Agéwèé, inú àbúrò mi dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ ìyá mi ni, èmi ni mo mú un wọ iléeṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń gé bébà lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń jà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, Alága wá ní òun ni yóò máa lo tuntun. Wọ́n fi í ti àwọn ẹnjiníà tó ń to ẹ̀rọ náà kó lè kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Bó bá ti di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, á gun àtẹ̀gùn wá bá mi, á máa ròyìn: ọ̀bẹ Agéwèé gùn tó ènìyàn, ó lè gé ẹgbẹ̀rún ewé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní ojú iná kan níwájú, tó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá kọjá níbẹ̀, ọ̀bẹ á dúró.

Èmi àti ẹnjiníà àgbà wọn kò rẹ́ rárá. Ojoojúmọ́ ló ń kó rìsíìtì wá. Epo, ibọ̀wọ́, owó ọkọ̀ àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀tù ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo rí fún ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju méjì lọ. Bí Àfikún ṣe ń ga sí i lójú ewé Agéwèé ni inú mi ń ru, àfi bí ẹni pé àpò mi ló ti ń jáde.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, Agéwèé gé bébà fún ìgbà àkọ́kọ́. Alága pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní ẹ̀rọ ti wọṣẹ́, àwọn tó ń di ìwé gbà á lẹ́nu rẹ̀, kó tó di ọ̀sán gbogbo ọgbà ló ń wí i: Agéwèé ti wọṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ẹnjiníà tún gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú rìsíìtì mẹ́rin. Ó ní ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn parí ìdánwò, pé ojú iná ẹ̀rọ náà kò tíì ríran dáadáa. Mo bi í bóyá Agéwèé gé bébà láàárọ̀ àbí kò gé e. Ó ní ó gé e, àmọ́ kí n fara balẹ̀.

"Ẹ̀rọ tó ń gé bébà ti wọṣẹ́," ni mo sọ fún un. "Iṣẹ́ yín ti parí nínú ìwé tèmi."

Mo ṣí ojú ewé Agéwèé níwájú rẹ̀. Mo kọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà sábẹ́ Ọjọ́ Tó Wọṣẹ́, mo fi bírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ àpapọ̀, mo buwọ́ lù ú. Ó kó rìsíìtì rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Alága fi ìka tọ ìlà pupa náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí kò bá sí èmi, àwọn ẹnjiníà ì bá ti ta òun pa pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Báǹkì fẹ́ rí ojú ewé náà kí wọ́n tó san ìyókù owó, nítorí náà mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ẹnjiníà ṣì wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń dán an wò. Mo ń rí wọn láti ojú fèrèsé mi. Kò kàn mí mọ́, owó wọn ti kúrò lójú ewé mi.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni ọ̀bẹ Agéwèé já lé àbúrò mi lọ́wọ́ ọ̀tún. Ojú iná yẹn ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọ́n ní kó ti bébà wọlé, ojú iná kò rí i, ọ̀bẹ sì wá sílẹ̀ bí wọ́n ti ṣe é kó máa wá. Láti ọrùn ọwọ́ ni. N kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ohun tí mo bá nígbà tí mo sáré sọ̀kalẹ̀. Mo rántí pé bébà tó wà lábẹ́ ọ̀bẹ ti gé, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gún régé.

Nílé ìwòsàn, èmi ni mo di ìyàwó rẹ̀ mú. Ó ń sunkún pé báwo ni àwọn ọmọ mẹ́ta yóò ṣe jẹun. Mo ní kó nu ojú rẹ̀. Mo sọ fún un pé Alága ti san owó adójútòfò lórí títo ẹ̀rọ náà, pé èmi ni mo kọ sọ̀wédowó rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fara pa kí ẹ̀rọ tó wọṣẹ́, wọ́n á sanwó fún un, owó tó lè ra ọwọ́ oníke, tó lè ṣí ṣọ́ọ̀bù, tó lè rán ọmọ mẹ́ta níwèé. Ó ń wí pé ẹ ṣé, Àǹtí, ẹ ṣé, Àǹtí, títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́: kí ẹ̀rọ tó wọṣẹ́. Kò tilẹ̀ ta sí mi létí.

Ọkùnrin adójútòfò wá ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ọmọlúàbí ni, ó kí mi dáadáa kó tó ní òun fẹ́ rí ìwé ohun ìní. Mo gbé ìwé ẹlẹ́yìn pupa kalẹ̀ tìgbéraga-tìgbéraga, mo tún fọwọ́ nu eruku tí kò sí lórí rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé Agéwèé. Ó yọ ẹ̀dà tí báǹkì fún un nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ìka rẹ̀ kọjá Iye Rírà, ó kọjá Àfikún, ó dúró.

"Ṣé ọwọ́ yín nìyí, mà?"

Mo wò ó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ mẹ́fà kí ọ̀bẹ tó já.

"Ọwọ́ mi ni," ni mo dáhùn.

Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Mo ní ọ̀rọ̀ inú ọgbà lásán ni wọṣẹ́ yẹn, mo ní ìdánwò ni wọ́n ṣì ń ṣe, mo ní bọ́ọ̀tù ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló bí mi nínú. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní òun gbà mí gbọ́, àmọ́ àwọn ọ̀gá òun kò ní wá gbọ́ àlàyé mi, ìwé ni wọ́n á kà, ìwé sì sọ pé ẹ̀rọ tó ti wọṣẹ́ ló gé ọwọ́. Adójútòfò ti ẹ̀rọ tó ti wọṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni, Alága kò sì tíì san ìyẹn. Ó pa báàgì rẹ̀ dé.

Alága pe ẹnjiníà àgbà lórí fóònù pé kó wá jẹ́rìí fún wa. Ó gbé ohùn fóònù sókè kí èmi náà lè máa gbọ́. Ohùn ọkùnrin náà tutù, kò bínú rárá.

"Ẹ bi akọ̀wé yín, sà. Òun ló ní iṣẹ́ mi ti parí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀rọ tó gé èèyàn lọ́jọ́ Ajé, tiyín ni."

Alága ní kí n ya ojú ewé náà, kí n kọ òmíràn. Èmi tí n kò pa ìlà kan rẹ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún, mo ti di ewé náà mú kí n tó rántí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ báǹkì àti adójútòfò, mo sì fi í sílẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé òtítọ́ ni mo fẹ́ kọ. Agéwèé kò tíì wọṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Irọ́ ni mo kọ, mo buwọ́ lù ú, ó di òtítọ́. Bí mo bá wá kọ òtítọ́ báyìí, ayédèrú ni wọ́n á pè é. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Gbogbo ayé ni mo ń bi ní rìsíìtì, kò sí ẹni tó yẹ tèmi wò.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni Alága fún mi ní àpòòwé kan kí n gbé fún àbúrò mi. Owó oṣù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n má gbàgbé rìsíìtì. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ti dá àbúrò mi sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Mo bá a lórí ibùsùn nínú yàrá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì de bọ́tìnì ẹ̀wù, ó kọ̀ kí ìyàwó rẹ̀ bá òun ṣe é. Bó ṣe rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́, pé ṣé kí òun máa wá yá ọwọ́ èèyàn wẹ èyí tó kù ni. N kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí bọ́ọ̀tù dé orí ìka ọkùnrin adójútòfò. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Ó yí padà, ó lọ sẹ́yìn ilé, kò sì pè mí ní Àǹtí mọ́ títí di òní.

Àbúrò mi fi bọ́tìnì ẹ̀wù sílẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn wá bá mi nílé ìwòsàn," ló wí. "Ó ní ọjọ́ wo ni ẹ̀rọ wọṣẹ́. Mo ní kó lọ wo ìwé yín. Mo ní ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti kọ, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ka sí i."

Ó gbé àtàǹpàkò òsì rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bóyá yíǹkì ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Mo kúnlẹ̀. Mo sunkún débi pé n kò mọ ohun tí mò ń wí mọ́. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Nígbà tí mo dìde, mo fi àpòòwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Rìsíìtì dà?" ló bi mí.

Mo ní kò pọn dandan.

"Ẹ mú un wá, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n á ní ẹ jẹ owó náà."

Mo yọ ọ́ nínú báàgì, torí ó kúkú wà níbẹ̀. Ó gbé e lé orúnkún, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má sá, ó sì fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé, lórí irú ìlà tí àwa fúnra wa ń tẹ̀ fún wọn. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ, ó nà án sí mi.

Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, n kò ṣí ìwé ẹlẹ́yìn pupa. Ojú ewé Agéwèé ti dí. Bí kò bá tilẹ̀ dí, owó ìjàǹbá kì í ṣe ara iye ẹ̀rọ, òfin ni. Mo ṣí ìwé ìnáwó oríṣiríṣi. Ìgbálẹ̀ mẹ́fà ló wà lórí ìlà òkè, bátìrì aago ògiri ló tẹ̀lé e. Mo kọ ọjọ́, mo kọ ìtọ́jú òṣìṣẹ́, mo kọ iye rẹ̀, mo so rìsíìtì mọ́ ọn. Nísàlẹ̀, mò ń gbọ́ tí Agéwèé ń gé bébà, wọ́n ní ojú iná rẹ̀ ti ń ríran dáadáa báyìí. Oṣù ti parí, nítorí náà mo mú rúlà, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.