Bẹ́ẹ̀dì Inú Bọ́ọ̀sì

Ẹsẹ̀ Àbdùlsàlàm méjèèjì yọ síta lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì bí ẹsẹ̀ òkú tí wọ́n gbẹ́ sàréè kúkúrú fún. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí pákó tuntun, ó di ojú, ó ní kí Àhmàd káfíńtà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí gìgísẹ̀ òun dé. Àhmàd, ọmọ Zarma tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Kalley ní ìlú Niamey, fa ìlà náà láìrẹ́rìn-ín. Tàíbátù, ìyàwó ẹni tó dùbúlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó gun òrùlé.

“Bàbá Ìdrìsù,” ó ní, “ṣé ẹ ti kú tán?”

“Ó kù díẹ̀,” ọkọ rẹ̀ dáhùn láìla ojú.

Bó ṣe ń ṣe láti ìgbà tó ti ra ọkọ̀ náà nìyẹn. Ọkọ̀ tó dára pọ̀ ní ọgbà àwọn tó ń ta ọkọ̀ àlòkù ní Harobanda, lódìkejì afárá. Tàíbátù fúnra rẹ̀ rí ọ̀kan níbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó sùn, tó sì lè gba ìdì aṣọ títí dé ẹ̀yìn awakọ̀. Àbdùlsàlàm kò fetí sí ẹ́ńjìnnì kankan. Ó ń bọ́ sínú ọkọ̀ kan, ó ń bọ́ sínú òmíràn, ó ń na apá sókè, ó ń fi ìka kan òrùlé wọn, kó, kó, kó, bí obìnrin tó ń yan ìkòkò lọ́jà. Níkẹyìn ó yan èyí: bọ́ọ̀sì gíga kan tó ti gbó, tí iwájú rẹ̀ wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ọkùnrin tó ti ń ta aṣọ láti kékeré, tó lè fi ọwọ́ lásán mọ ojúlówó àǹkárá nínú òkùnkùn, ló fi òrùlé yan ọkọ̀.

Ilé ló fẹ́ fi lọ. Ó ní àwọn méjèèjì yóò máa rọra lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọn yóò sùn, wọn yóò máa se tíì ara wọn. Ibi tó ti kọ́ ọ kò fara sin. Lọ́dún tó kọjá, òyìnbó arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí etí odò, wọ́n ń dín ẹyin nínú rẹ̀, Àbdùlsàlàm sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi fún un ní àga. Tàíbátù ti sọ tẹnu rẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà pé ẹni tí kò ní ará lójú ọ̀nà ló ń sùn sínú ọkọ̀. Àwọn ní ará ní Dosso. Wọ́n ní ní Gaya, wọ́n ní ní Jẹ́bà. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún àwọn yẹn, pé iyàrá wọn ń rùn? Lóòótọ́, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó pa òwe náà kò sọ pé kí onílé pọn ilé náà sẹ́yìn lọ.

Àyè ló sì ń dun Tàíbátù jù. Láàárín àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Niamey, ọkọ̀ tó bá ń lọ ilé, ọkọ̀ gbogbo wọn ni. Ẹni tó ń lọ kì í kọ ẹrù: àlùbọ́sà fún ìyá ẹni kan, kílíṣí fún ẹ̀gbọ́n ẹlòmíràn, ìbora fún àna. Iwájú ilé Tàíbátù ní Maourey ni wọ́n ti ń kó o jọ, nítorí ilé rẹ̀ náà ni gbogbo èrò ń wọ̀ sí. Wọ́n mọ̀ ọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́ gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí kì í sọ pé kò sí àyè. Ọ̀la ni ìrìn àjò. Àwọn ènìyàn yóò gbé ẹrù wọn dé kí oòrùn òní tó wọ̀, wọn yóò sì bá bẹ́ẹ̀dì arúgbó méjì níbi tó yẹ kí ẹrù wà.

Tàíbátù ti bá Àhmàd sọ ọ́ ní Hausa: bí Alájì, ọkọ òun, bá ti lọ kírun Alásàrí, kó tú bẹ́ẹ̀dì náà. Àhmàd bi í bóyá Alájì mọ̀ sí i. Ó ní òrùlé nìkan ni Alájì mọ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, Àbdùlsàlàm dìde, ó gbọn ẹ̀ẹ́rún pákó kúrò lára. “Ìyá Ìdrìsù,” ó ní, “bá mi wọ inú ẹ̀ wò kí n tó dé.” Ó ti bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà.

Ọkọ rẹ̀ yí kọ̀rọ̀, Àhmàd lọ mú hámà, Tàíbátù sì gun ọkọ̀ náà kó lè nàka sí ìṣó tí wọn yóò kọ́kọ́ yọ. Ó wo àyíká. Kọ́tìnì olódòdó, bí ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Sítóòfù kékeré tí wọ́n fi okùn dè mọ́ ògiri bí olè. Ife méjì. Ó yọ ṣùtì. Nínú ilé tirẹ̀, abọ́ ńlá ni wọ́n fi ń kó ife. Ta ló ń ní ife méjì?

Oòrùn ń ta á lójú, ó fa ilẹ̀kùn dé. Ìgbà náà ló tó ṣàkíyèsí pé òun dúró ṣánṣán, gèlè lórí, tí gèlè náà kò sì kan nǹkan kan. Ó na ọwọ́ sókè. Kó, kó.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni ìdábùú irin kan wà, tuntun, tí òróró ṣì wà lára rẹ̀. Inú nìkan ni wọ́n kàn án sí.

Kò sí ìdábùú lára ilẹ̀kùn kankan nínú ilé wọn ní Maourey. Èrò ń wọlé nígbàkúùgbà, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin ń sùn sí iyàrá rẹ̀, àwọn ọkùnrin ń sùn ti ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀. Ó rántí alẹ́ ọjọ́ ọdún Iléyá kan, tí Àbdùlsàlàm gbé àtùpà dé ẹnu ọ̀nà iyàrá, tó wo ẹní tó tẹ́ láti ògiri dé ògiri. “Ẹ sùn re o,” ló sọ, ó sì gbé àtùpà rẹ̀ padà. Inú Tàíbátù dùn lálẹ́ ọjọ́ náà pé ilé òun kún.

Ó jókòó lórí pákó. Nígbà tó yá, ó dùbúlẹ̀.

Ohùn Mọ́rìlíátù tó ń ta bàtà ládùúgbò wọn ló gbọ́ níta. Ó ń sọ fún ẹnì kan pé àpò àlùbọ́sà lásán ni, fún ìyá òun, kò ní gba àyè rárá. Àbdùlsàlàm ló ń bá sọ̀rọ̀, ó ti dé láti mọ́sálásí.

“Jẹ́ kí Ìyá Ìdrìsù dé,” ó ní. “Òun ló mọ̀ bí àyè bá wà.”

Ẹnu rírọ̀ yìí ni Tàíbátù ti ń kẹ́gàn láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, ọkùnrin tí kò lè sọ fún ènìyàn pé rárá. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró. Àhmàd kan ilẹ̀kùn, ó bèèrè ní Hausa bóyá kí òun mú hámà wọlé.

“Mọ́rìlíátù,” Tàíbátù ní láti inú ọkọ̀, “má bínú. Ọkọ̀ ti kún.”

Ó gbọ́ tí Àhmàd gbé hámà sílẹ̀. Ó rọra sún mọ́ ògiri títí èjìká rẹ̀ fi kan irin, ó sì fi ìdajì bẹ́ẹ̀dì náà sílẹ̀.